Ìdí Tí Oúnjẹ Taverna Kì Í Fi Gbóná Fẹlifẹli

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn àlejò kì í yé fi kan taverna, ìyẹn ilé oúnjẹ ìdílé ní ilẹ̀ Gíríìsì: wọ́n ní oúnjẹ ti máa ń tutù kó tó dé orí tábìlì. Wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àwo, wọ́n á fajú ro, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e padà síná. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ náà ò tutù. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ti aṣọ tábìlì oníbébà tí wọ́n fi rọ́bà dè kí atẹ́gùn má gbé e lọ, ti ológbò abẹ́ àga, ti sàláàdì tí wọ́n gbé odidi ègé wàràkàṣì fẹ́tà lé lórí, gbogbo èèyàn ló ti mọ ìyẹn. Ilé ìdáná ni ká yà sí.

Ọ̀nà méjì ni oúnjẹ ibẹ̀ pín sí, olúkúlùkù ló sì ní àkókò tiẹ̀. Àkọ́kọ́ ni tis oras, ohun tí wọn ò ní fọwọ́ kàn àyàfi tí oníbàárà bá béèrè: ẹran sísun lórí èédú, ẹja, pòtétò díndín. Tí èyí ò bá gbóná, kí oníbàárà bínú, ẹjọ́ ẹ̀ tọ́. Èkejì ni magirefta, oúnjẹ àsèsílẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń tò ó sínú páànù fífẹ̀: moussaka tí wọ́n fi ìgbá aláwọ̀ àlùkò àti ẹran lílọ̀ tò lérí ara wọn, tòmátì àti ata tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ tí wọ́n wá ki ìrẹsì sí, ẹ̀wà funfun ńláńlá tí wọ́n ń pè ní gigantes. Ilá náà wà níbẹ̀, àmọ́ kí Yorùbá má retí kó yọ̀ o. Wọ́n á ti fi ọtí kíkan àti iyọ̀ pa á lára, wọ́n á sá a sóòrùn, kí yíyọ̀ rẹ̀ lè lọ, kí wọ́n tó sè é pẹ̀lú tòmátì. Lójú ẹni tó dàgbà sídìí ọbẹ̀ ilá, ìyà lásán ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìwọ̀nyí á ti kúrò lórí iná. Ibẹ̀ gan-an ni adùn ti bẹ̀rẹ̀. Òróró ólífì ni wọ́n fi ń se ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà wọ̀nyẹn, wọn kì í sì í fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Ọ̀rá màlúù tàbí ti àgùntàn á dì tí ooru bá kúrò lára ẹ̀, á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Òróró ólífì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá lásán, yóò máa ṣàn bó ṣe ń ṣàn. Nítorí náà, bí páànù ṣe ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀fọ́ á máa fa omi tòmátì mu, òróró nìkan á sì ṣẹ́ kù yí i ká. Àmì tí àwọn ìyá ilé ìdáná fi ń mọ̀ pé ó ti jinná nìyẹn: omi tán, òróró kù. Ahọ́n tí ooru bá sì ń jó, kí ló fẹ́ mọ̀ nínú adùn àlùbọ́sà tó ti rọ̀ wẹ̀lẹ̀?

Ti moussaka tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọbẹ̀ funfun tó wà lókè rẹ̀, èyí tí wọ́n fi mílíìkì, bọ́tà àti ìyẹ̀fun pò, tí Nikolaos Tselementes, alásè olókìkí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, sọ di àṣà, nílò ìsinmi kó tó lè mú ara. Ẹni tó bá gé e bó ṣe ń jáde láti inú ààrò, á wó lulẹ̀ sínú àwo ni. Tí ègé moussaka bá dúró ṣánṣán, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, wọ́n ti jẹ́ kó sinmi.

Àṣà yìí nídìí. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ààrò tiwọn, nítorí náà páànù oúnjẹ ọjọ́ Àìkú á gba ilé aṣebúrẹ́dì lọ. Kí wọ́n tó lọ gbà á padà, kí wọ́n tó gbé e délé, kí ará ilé tó pé, ooru ẹ̀ ti rọlẹ̀. Ààwẹ̀ ìjọ Orthodox náà dá sí i: ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ẹni tó bá pa á mọ́ kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà, èyí ló jẹ́ kí ọwọ́ wọn mọ́ nídìí ẹ̀fọ́ báyìí.

Ìyá olóúnjẹ ní bùkà á tètè lóye ètò yìí. Ìkòkò tò lọ bẹẹrẹ, oníbàárà á fìka tọ́ka, wọ́n á bù ú fún un. Ní ọ̀pọ̀ taverna àtijọ́, oníbàárà á wọlé lọ wo páànù fúnra ẹ̀ ni. Ìṣirò wọn dọ́gba: ìyá wà nídìí páànù, bàbá wà nídìí èédú, ọmọ ń gbé àwo, àwọn mẹ́ta péré sì lè bọ́ ilé oúnjẹ tó kún dẹ́nu, torí pé tó bá di aago 2 ọ̀sán, kò sí iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n gé, kí wọ́n bù. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni iná. Bùkà kò gbọ́dọ̀ paná abẹ́ ìkòkò, torí epo pupa àti ọ̀rá ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ ò fẹ́ òtútù. Oníbàárà bùkà náà kì í jókòó pẹ́. Ó jẹun, ó fọwọ́, ó lọ.

Ti taverna, wọ́n lè jókòó wákàtí méjì, mẹ́ta. Àárín tábìlì ni wọ́n ń kó àwo sí, olúkúlùkù á máa fi fọ́ọ̀kì tirẹ̀ mú níbẹ̀. Ohun tó bá kọ́kọ́ ṣetán ló ń kọ́kọ́ dé, kò sí pé èyí ló ṣáájú. Wáìnì ilé, ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń tà á, nínú ìkòkò irin kékeré. Ẹnikẹ́ni kò ní gbé ìwé owó wá àyàfi tí wọ́n bá béèrè. Irú ìjókòó báyìí á sọ oúnjẹ gbígbóná di àbùkù, torí kó tó di pé ìtàn kan parí, ó ti tutù. Gigantes ò ní wàhálà yẹn. Bó ṣe dùn nígbà tí wọ́n gbé e dé ló ṣì dùn nígbà tí búrẹ́dì bá ń nu ìdí àwo. Ẹni tó kọ́kọ́ ro ètò yìí mọ ohun tó ń ṣe.

Àléébù ẹ̀ ò ju alẹ́ lọ. Àwọn ọmọ Gíríìsì máa ń jẹ magirefta lọ́sàn-án, tó bá dalẹ́ wọ́n á kọjú sí èédú. Àlejò ló máa ń béèrè moussaka ní aago 9 alẹ́, tí á sì tún ní kó gbóná, wọ́n á wá ju ohun tó kù láti ọ̀sán sínú microwave, ọbẹ̀ funfun á ya omi. Àwọn taverna kan níbi tí àlejò pọ̀ sí ti wá ọgbọ́n sí i: inú àwo amọ̀ kékeré, tẹnìkan tẹnìkan, ni wọ́n ti ń se tiwọn báyìí, kí wọ́n lè tì í sínú ààrò nígbàkígbà. Ó ń hó dé orí tábìlì lóòótọ́. Àmọ́ kò ṣeé gé mọ́, ṣíbí ni wọ́n fi ń bù ú bí ọbẹ̀.