Ẹni mẹ́jọ, ọkọ̀ kan: bí ẹgbẹ́ obìnrin atukọ̀ ṣe lè múra sáà tuntun lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Ará Ẹ̀pẹ́ mọ ọkọ̀ ojú omi dáadáa. Síbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ìje tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ń tù yóò rò pé wọ́n jókòó sódì ni. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ibi tí wọ́n ń lọ. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti ẹni mẹ́jọ, ó lè gùn tó mítà 17 sí 20, inú rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ibi tí ìdí èèyàn kan lè gbà lọ. Àjọ World Rowing, tó ń darí eré ọkọ̀ títù lágbàáyé, ní kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kílò 96 lọ, ìyẹn ni pé kò tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dá dúró lórí omi. Àjẹ̀ tó tẹ́ sí ọ̀tún àti òsì ló ń gbé e ró. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé ọwọ́ sókè ju ti àwọn yòókù lọ, gbogbo ọkọ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àjẹ̀ apẹja kò so mọ́ nǹkan kan, ọwọ́ ló ń darí rẹ̀. Àjẹ̀ ọkọ̀ ìje gùn ju mítà mẹ́ta àbọ̀ lọ, ó sì wà nínú ìgbámú kan lórí irin tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Atukọ̀ á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí wọ́n ti dè mọ́ inú ọkọ̀, á sì jókòó lórí àga kékeré tó ní táyà lábẹ́, tó ń yọ̀ síwá yọ̀ sẹ́yìn. Nítorí àga yìí, ẹsẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ̀yìn á tẹ̀ lé ẹsẹ̀, apá ló kẹ́yìn. Ọmọ apẹja tó ti ń tukọ̀ láti kékeré ní àǹfààní kan: ọkọ̀ tó ń mì kì í já a láyà. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé apá ló máa ń yá a lára láti lò ju ẹsẹ̀ lọ, ó sì máa ń pẹ́ kí àṣà yẹn tó kúrò lára rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí eré yìí ti gbilẹ̀ jù láàrin àwọn obìnrin fásitì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ ẹgbẹ́ ni kò fọwọ́ kan àjẹ̀ rí kí wọ́n tó débẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1972, Title IX, sọ pé ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi nǹkan du èèyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ọkọ̀ títù sì jẹ́ eré tó ń gba obìnrin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni ọ̀pọ̀ fásitì bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1997 ni àjọ NCAA, tó ń ṣètò eré ìdárayá láàrin àwọn fásitì Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìdíje àpapọ̀ fún wọn. Láti inú ètò yìí ni Chierika Ukogu ti jáde, akẹ́kọ̀ọ́ Stanford tẹ́lẹ̀ tó kọ́kọ́ tukọ̀ fún Nàìjíríà ní Olympic, ní Rio 2016. Esther Toko náà tù ú ní Tokyo lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan ni àwọn méjèèjì tù.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fẹ́ kó ẹgbẹ́ jọ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ kò ní láti dúró de ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ga, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tó ti sáré tàbí tó ti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rí ni yóò kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń dán wò ṣáájú agbára ni ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá lè léfòó fún ìṣẹ́jú mélòó kan pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, kó sì lúwẹ̀ẹ́ débi tí ọkọ̀ olùkọ́ wà, kò tíì yẹ kó wọ ọkọ̀, bó ti wù kó lágbára tó.

Apá méjì ni ọdún atukọ̀ pín sí lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ìgbà ìwọ́wé jẹ́ ti ìje gígùn, bíi kìlómítà márùn-ún, tí wọ́n ń tú ọkọ̀ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, tí aago sì ń ṣe ìdájọ́. Irú rẹ̀ ni Head of the Charles tó ń wáyé ní Boston lóṣù kẹwàá láti 1965. Nígbà tí òtútù bá lọ tán ni ìje mítà 2,000 máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọ́n á jọ gbéra. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ ti àwọn obìnrin ń lò bí ìṣẹ́jú mẹ́fà sí méje fún un. Mítà 1,000 péré ni wọ́n ń fún àwọn obìnrin nígbà tí Olympic kọ́kọ́ gbà wọ́n láyè ní 1976. Ó di 1988 kí ó tó di 2,000. Ti Los Angeles ní 2028 yóò jẹ́ 1,500 fún tọkùnrin tobìnrin, torí ibi tí wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀ kò gùn tó.

Yìnyín ló ń lé wọn kúrò lórí omi lọ́hùn-ún. Ní Ẹ̀pẹ́, òjò ni. Ètò tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí iṣẹ́ orí ilẹ̀ gba ìgbà òjò ńlá, kí iṣẹ́ orí omi sì le láti ìgbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, títí di oṣù kẹta. Kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ wa, pẹ̀lú ìyanṣẹ́lódì tó máa ń yí i sọ́tùn-ún sósì, kì í sábà bá ti ojú ọjọ́ mu. Olùkọ́ tó gbọ́n máa ń tẹ̀ lé ti ojú ọjọ́.

Orí ilẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtukọ̀ wà. Ó ní àga tó ń yọ̀ bíi ti inú ọkọ̀, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń fà, àti abẹ̀bẹ̀ ńlá kan tí atẹ́gùn ń dá dúró. Bí èèyàn bá ṣe fà á tó ni yóò ṣe le tó. Kò nílò iná ìjọba, bátìrì kékeré ló ń gbé ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́, èyí tó jẹ́ ìtura ńlá fún wa. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò mítà 2,000, tí kò sí atukọ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìpilẹ̀ kì í le rárá. Wákàtí kan, ó lé díẹ̀, ní fífà 18 sí 20 láàrin ìṣẹ́jú kan, débi pé èèyàn ṣì lè sọ̀rọ̀ gidi láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ọkàn àti iṣan ẹsẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí ń kọ́. Fífà 34 sí 38 ti ọjọ́ ìje, ó di ìgbẹ̀yìn. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta péré, àwọn kan á máa sáré, àwọn kan á máa gbé irin, wọ́n á sì pààrọ̀.

Kí ló dé tí wọn kò kàn mú àwọn mẹ́jọ tí ẹ̀rọ sọ pé wọ́n lágbára jù? Omi kì í ṣírò agbára bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣírò rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó lè yára ní ìlọ́po méjì, agbára tí wọ́n máa lò gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ tó bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lágbára ju èkejì lọ, bí ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò fi yára jù ú lọ. Lórí mítà 2,000, ìyẹn tó mítà 60, gígùn ọkọ̀ mẹ́ta, nítorí náà agbára kì í ṣe ohun àfojúdi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ń ki àjẹ̀ bọ omi ṣáájú àwọn tó kù, tàbí tó ń sáré yọ̀ padà lórí àga rẹ̀, lè da gbogbo èrè yẹn nù sómi. Ẹ̀rọ kì í rí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kì í rí bí ẹni tó wúwo ṣe ń tẹ ọkọ̀ rì sínú omi.

Òwúrọ̀ kùtù ló dára jù lórí ọ̀sà, torí atẹ́gùn inú òkun máa ń le sí i lẹ́yìn ọ̀sán. Àmọ́ àkókò yẹn gan-an ni àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń kó ẹja wá sí ọjà Olúwo. Ìgbì tí ọkọ̀ kan bá fi sílẹ̀ lè bu omi kún inú ọkọ̀ ìje, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga kúrò lójú omi ju ìbú ọwọ́ mélòó kan lọ. Ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ojú ọ̀nà ọjà, ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa ibi tí wọ́n ri òpó àti àwọ̀n sí. Àjẹ̀ tó bá kọ́ àwọ̀n lè gbá ẹni tó mú un dànù. Koríko orí omi tó ní òdòdó àlùkò náà ń bẹ níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní 1984 lójú omi Badagry (kì í ṣe ojú oró ti inú òwe). Níhà Èkó, iyọ̀ òkun máa ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dọ̀ọ Ẹ̀pẹ́, tí omi Ọ̀ṣun ń gba ọ̀sà Lẹ́kí wọlé wá, iyọ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti máa yẹ ojú omi wò láràárọ̀.

Àwọn atukọ̀ ìje lókè òkun kì í sábà wọ ẹ̀wù ìléfòó, ọkọ̀ olùkọ́ tó ń tẹ̀ lé wọn ló ń gbé e. Ní Èkó, àjọ LASWA, tó ń mójú tó ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ náà, ní kí gbogbo ẹni tó bá wà lórí omi wọ̀ ọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí, tó ń wú nígbà tí wọ́n bá fà á, kì í dí apá lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n bá dé orí omi, àwọn mẹ́jọ kì í jọ tù lójú ẹsẹ̀. Ẹni méjì á máa tù, mẹ́fà á tẹ́ àjẹ̀ sójú omi kí ọkọ̀ má baà dà. Lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́fà. Wọ́n á fi apá nìkan tù, wọ́n á fi ẹ̀yìn kún un, ìdajì àga, odindi àga. Ẹni tó jókòó sí ipò kẹjọ ló ń fún wọn ní ìlù, nítorí òun ni gbogbo ìyókù ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó wúwo, tó lágbára, máa ń wà láàrin. Ẹni méjì tó wà nípẹ̀kun iwájú ọkọ̀ máa ń jẹ́ ẹni tó mọ ọkọ̀ tù dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń mì jù.

Nígbà tó bá ku bí oṣù kan sí méjì kí ìje bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ di ta ni yóò jókòó nínú ọkọ̀. Wọ́n á kó ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin méjì jáde, wọ́n á jọ sáré bíi mítà 1,000. Ká ní ọkọ̀ kìíní fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣáájú èkejì. Olùkọ́ á fa àwọn ọkọ̀ mọ́ra lórí omi níbẹ̀, á ní kí ipò kẹta inú ọkọ̀ kìíní pààrọ̀ pẹ̀lú ipò kẹta inú èkejì, kò sì ní sọ ìdí. Wọ́n á tún un sá. Ká ní lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ kejì fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú. Nǹkan ti yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ẹni tó kúrò nínú ọkọ̀ kìíní ni ó sì fà á. Pàṣípààrọ̀ náà kan ọkọ̀ méjèèjì, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá méjì ni ó fi sàn ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ lórí ìwọ̀n mítà yẹn. Kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìwé ẹ̀rọ á máa borí nínú ọkọ̀ gbogbo tí wọ́n bá gbé e sí, kò sì ní yé òun fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ìdánwò yìí rọrùn láti bàjẹ́. Iye fífà láàrin ìṣẹ́jú kan gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú ọkọ̀ méjèèjì. Bí atẹ́gùn bá yí, bí ọkọ̀ ọlọ́jà kan bá kọjá, ìje yẹn di òfo, wọ́n á tún un sá. Ó rẹ àwọn atukọ̀ nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ó tún wà níbẹ̀ pé ọ̀rẹ́ lè fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà pàdánù ipò. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tí wọ́n ń wò títí wọ́n fi máa tò orúkọ. Èyí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́, olùkọ́ tí kò bá sì kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ kó sì fi hàn wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ títí sáà á fi parí.

Ara ń gba ìyà ní gbogbo àkókò yìí. Ọwọ́ á kọ́kọ́ lé róró kó tó le. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti egungun ìhà ló máa ń fara pa jù. Fún obìnrin, oúnjẹ tí kò tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe lè dá nǹkan oṣù dúró, egungun á sì máa di aláìlágbára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ láìtijú, kó sì rí dókítà. Ìkókóré pẹ̀lú ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ dára fún wọn. Tíì lẹ́yìn oúnjẹ kò dára tó bẹ́ẹ̀, torí ó ń dí èròjà irin lọ́wọ́ láti wọ ara, nígbà tí ọsàn ń ràn án lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n á dín gígùn iṣẹ́ kù, àmọ́ wọn kò ní dín ìyára kù. Wọ́n á fi sípánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì inú ọkọ̀ wò, wọ́n á wo okùn tó di gìgísẹ̀ bàtà mú, èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ tètè yọ bí ọkọ̀ bá dojú dé, wọ́n á sì wo bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré tó wà lórí imú ọkọ̀ kó má baà gún ẹlòmíràn. Adarí ọkọ̀, ẹni kẹsàn-án tó ń fi okùn darí rẹ̀ tó sì ń pàṣẹ fún wọn, á gun òṣùwọ̀n. Bí kò bá tó kílò 55, wọ́n á di iyanrìn tó ṣẹ́ kù sínú àpò, wọ́n á sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn tí kò rí ipò nínú ọkọ̀ kìíní á wọ èkejì, wọn kò sì ní dín ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn kù, torí bí ibà bá mú ẹnì kan ṣoṣo, olùkọ́ lè ránṣẹ́ pè wọ́n.