Ìfàṣẹlénilọ́wọ́: Ohun Tó So Dókítà Pọ̀ Mọ́ NP àti PA ní Texas

Kí ni a ó máa pe ìbáṣepọ̀ tí òfin Texas là sílẹ̀ láàárín dókítà àti NP (nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó ń yẹ aláìsàn wò, tó sì ń kọ oògùn) tàbí PA (olùrànlọ́wọ́ dókítà tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀)? Ó ti sú mi láti máa rí "kọlaboréṣọ̀n" fún un nínú ohun tí a pè ní Yorùbá, nígbà tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa tó wà ní Houston nílò àlàyé tó yè kooro lórí òfin tó de iṣẹ́ wọn. Àwọn tó fẹ́ ṣe dáadáa ń kọ "ìfọwọ́sowọ́pọ̀", èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹni méjì tó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dọ́gba lójú ẹni tó gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ òfin Texas kò mú wọn dọ́gba. "Ọ̀gá" náà kò bá a mu: dókítà náà lè má jẹ́ ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́, NP àti PA sì ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ tiwọn.

Ìfàṣẹlénilọ́wọ́ ni èmi fara mọ́. Àṣẹ láti kọ oògùn fún aláìsàn wà lọ́wọ́ dókítà, òun ló sì ń fi í lé NP tàbí PA lọ́wọ́ nínú àdéhùn tí a kọ sílẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà gùn jù. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi yé ni pé ohun tí a fi léni lọ́wọ́ ṣeé gbà padà.

Ẹ wo àgbẹ̀ tó gba ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ onílẹ̀. Òun ló ni ọkọ́, òun ló mọ iṣẹ́, ó lè gbin àgbàdo àti iṣu, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí kòkó láìjẹ́ pé onílẹ̀ yọ̀ǹda, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Obì ibí yìí ni àwọn oògùn líle bíi morphine, tí NP kò lè kọ àfi nílé ìwòsàn tàbí fún ẹni tó wà lábẹ́ ìtọ́jú hospice, ìyẹn ìtọ́jú ìdẹ̀rùn fún ẹni tí ikú rẹ̀ ti sún mọ́. Ìṣákọ́lẹ̀ ni owó oṣooṣù tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó dá ilé ìtọ́jú tirẹ̀ sílẹ̀ ń san fún dókítà, èyí tó ń dùn mí gan-an nígbà tí onílẹ̀ kì í bá yọjú sóko. Òfin ọdún 2013 gbà kí dókítà kan fàṣẹ lé NP àti PA 7 tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ibi, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ṣèpàdé lóṣooṣù, kí a yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn kan wò. Bí dókítà bá kú tàbí tó yọwọ́, tí àdéhùn kò sì dárúkọ dókítà mìíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀, nọ́ọ̀sì kò lè kọ oògùn mọ́, bó ti wù kí ìmọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ọ̀rọ̀ yìí fún NP tó wà ní New Mexico, tó bá Texas pààlà: òfin ibẹ̀ fún un láṣẹ tirẹ̀, kò sì ní kó bá dókítà kankan ṣàdéhùn.