Ìtọ́jú onísọ̀rọ̀ CBT-E lójú àwọn tó ń gbà á

CBT-E ni ìtọ́jú onísọ̀rọ̀ tí Christopher Fairburn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹni tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ń dà láàmú. Anorexia ni ti ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ kó má baà sanra. Bulimia ni ti ẹni tó ń jẹ àjẹkì tán tó wá ń tọwọ́ bọ ọ̀fun láti bì í, tàbí tó ń lo oògùn ìyàgbẹ́. Ìpàdé 20 láàárín ọ̀sẹ̀ 20 ni ti ẹni tí kò rù. Ti ẹni tó ti rù jù a máa tó 40. Ìpàdé kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ó máa ń ya ẹni tó rò pé òun á kàn jókòó sọ ìtàn ìgbà èwe òun lẹ́nu, nítorí oúnjẹ òní ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n gígùn ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù jù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, aláìsàn àti olùtọ́jú á jọ wo nọ́ńbà náà, wọ́n á sì sàmì sí i lórí gíráàfù. Kò tún gbọdọ̀ gun ìwọ̀n nílé. Ìyà ni èyí lójú ẹni tó ti ń gùn ún láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹni tó ti ń sá fún ìwọ̀n láti ọjọ́ pípẹ́ náà kì í fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n kílò kan tó gòkè láàárín ọjọ́ méjì, omi ló sábà máa ń jẹ́. Omi náà ni oògùn ìyàgbẹ́ ń gbé jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pọ̀ kí wọ́n tó sọ pé ara ń sanra tàbí ó ń rù.

Ìwé àkọsílẹ̀ ló tẹ̀ lé e: aago tí ó jẹun, ohun tí ó jẹ, ibi tí ó ti jẹ ẹ́, àmì lára èyí tó rò pé ó ti pọ̀ jù, àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà. Wọn kì í kọ kálórì síbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú máa ń mú kí àwọn kan fo àjẹkì òru, kí àwọn mìíràn sì jókòó kọ gbogbo ọ̀sẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ kì í bá wọn jà. Ohun tó dí wọn lọ́wọ́ ló ń béèrè.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ mẹ́ta àti ìpápánu méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́, láìjẹ́ kí àlàfo kọjá wákàtí mẹ́rin. Ebi tí wọ́n ń fi pa ara wọn lọ́sàn-án ló ń bí àjẹkì alẹ́. Ikùn ẹni tó rù kì í tètè da oúnjẹ, nítorí náà inú máa ń wú u lẹ́yìn oúnjẹ kékeré, ó sì ń rò pé òun ti jẹ jù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdajì kílò kún ara rẹ̀ lọ́sẹ̀. Níbí ni ẹ̀sùn ti pọ̀ jù: wọ́n ní kílò nìkan ni olùtọ́jú ń wò, kò wo àwọn gan-an. Àwọn kan ń pe anorexia ní ọ̀rẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn. Wọn kì í fẹ́ kí a gbà á lọ́wọ́ wọn lójijì.

Síbẹ̀, sísọ̀rọ̀ láìkan oúnjẹ kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí kan ní Copenhagen tó jáde ní 2014, wọ́n pín ènìyàn 70 tó ní bulimia sí CBT-E oṣù 5 àti ìtọ́jú ọdún 2 tó ń wá gbòǹgbò àìsàn nínú ọkàn. Ní òpin oṣù 5, ìdá 42 nínú 100 ló ti ṣíwọ́ àjẹkì àti bíbì lọ́wọ́ CBT-E, ìdá 6 lọ́wọ́ ìkejì. Lẹ́yìn ọdún 2, ó jẹ́ 44 àti 15.

Bí ìtọ́jú bá fẹ́ parí, ẹ̀rù tún máa ń bà wọ́n. Wọ́n á kọ ètò kan mú lọ sílé: bí àjẹkì bá padà, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ àti oúnjẹ alákòókò. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, wọ́n á padà wá fún àyẹ̀wò kan ṣoṣo.