Ṣé lóòótọ́ ni agbára ìnàkí tó ti ọkùnrin márùn-ún? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí iṣan ara

Fídíò kan ń kiri lórí fóònù: ìnàkí ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi ńlá bí ẹni ṣẹ́ ìgbálẹ̀, ohùn kan sì ń pariwo pé agbára rẹ̀ tó ti ọkùnrin márùn-ún. Kò pẹ́ ni òmíràn tún dé tó ní irọ́ ni, pé iṣan tiwa àti tiwọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ wá dàrú mọ́ àwọn òǹkàwé lójú.

Ìnàkí wo là ń sọ?

Èyí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee. Gorilla jù ú lọ fíìfíì.

Ṣé ó lágbára jù wá lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò tó ìlọ́po márùn-ún. Tí a bá wo bí ara oníkálùkù ṣe wúwo tó, agbára rẹ̀ láti fa nǹkan àti láti fò jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po kan àtààbọ̀ tiwa.

Níbo wá ni "márùn-ún" ti wá?

Láti àwọn ọdún 1920. Olùwádìí kan, John Bauman, gbé ẹ̀rọ tó ń wọn agbára lọ sí ọgbà ẹranko Bronx ní New York, ó so okùn mọ́ ọn, ó sì ní kí àwọn ìnàkí fà á. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Suzette fa 1,260 pọ́n-ùn. Ní 1943, olùwádìí mìíràn, Glen Finch, tún irú ìdánwò yẹn ṣe, ohun tí àwọn ìnàkí tirẹ̀ fà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wọn fúyẹ́ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló dùn ún ròyìn, òun náà ló sì ṣì wà lẹ́nu aráyé.

Kí ló fa ìyàtọ̀ náà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "iṣan". A máa ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan, a ń pe okùn tó so ẹran mọ́ eegun ní iṣan, a tún ń pe ẹran tó ń sún kì fúnra rẹ̀ ní iṣan. Ẹran tó ń sún kì yìí là ń bá wí.

Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló para pọ̀ di í. Àwọn kan yára, wọ́n lágbára, àmọ́ ó máa ń tètè rẹ̀ wọ́n. Àwọn kan ń rọra ṣe, wọn kì í jẹ agbára púpọ̀, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní 2017, olùwádìí Matthew O'Neill àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ fọ́nrán ìnàkí wò: nǹkan bí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ayára. Lára ènìyàn, àwọn tó ń rọra ṣe ló pọ̀ jù. Nítorí náà, tí iṣan méjèèjì bá tóbi bákan náà, ti ìnàkí máa ṣe nǹkan bí ìlọ́po 1.35 iṣẹ́ tiwa. Ẹ kíyè sí i: fọ́nrán wọn kọ̀ọ̀kan kò ní oògùn nínú. Bí àwọn ayára ṣe pọ̀ sí láàárín wọn ló yàtọ̀.

Kí ni àwa rí gbà dípò? Ọ̀nà jíjìn. Iṣan ìdí wa tóbi gan-an, òun ni kì í jẹ́ ká dojú bolẹ̀ tí a bá ń sáré. Okùn ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wa gùn, ó ń nà, ó ń sún padà bíi rọ́bà. Ti ìnàkí kúrú gan-an.

Ṣé àwọn ẹranko yòókù ní iṣan tí a ò ní?

Díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn iṣan wa tó lé ní 600 wà lára ajá, ẹṣin àti àdán pẹ̀lú. Bí wọ́n ṣe tóbi sí àti ibi tí wọ́n so mọ́ ló yí padà. Ẹṣin kò ní eegun èjìká iwájú bíi tiwa, iṣan nìkan ló gbé àyà rẹ̀ kọ́ sáàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ajá ní iṣan kékeré kan tó ń gbé awọ òkè ojú sókè nítòsí imú, èyí tí ìkookò kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Ìwádìí 2019 ló fi hàn. Ojú àánú tó fi ń wò yín nígbà tí ẹ bá ń jẹun, iṣan yẹn ni.

Kí ló dé tí a ò lè gbọn awọ bí ẹṣin ṣe ń fi lé eṣinṣin?

Ẹṣin ní iṣan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ awọ. Tiwa ṣẹ́ kù sí ọrùn àti ojú. Ọwọ́ la fi ń lé eṣinṣin.

Mi ò rí okùn kan ní ọrùn ọwọ́ mi. Ṣé àìsàn ni?

Rárá. Ẹ fi àtàǹpàkò kan ìka tó kéré jù, kí ẹ sì tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú díẹ̀: okùn kan á yọ láàárín. Nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni kò ní in, ó sì yàtọ̀ láti ìran dé ìran. Àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ tiẹ̀ máa ń yọ ọ́ láti fi tún ibòmíràn ṣe. Ẹni tó bá sọ pé àìní rẹ̀ fi hàn pé ẹ ti lajú ju ẹlòmíràn lọ, ẹ bá a rẹ́rìn-ín.

Tí mo bá ń gbé irin lójoojúmọ́ ńkọ́?

Iṣan yín á sanra, ẹ ó sì lágbára sí i. Ẹ kò ní di ìnàkí.

Ìpéǹpéjú mi ń fò. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Àárẹ̀, àìsùn tàbí kọfí tó pọ̀ jù ló sábà máa ń fà á, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹ̀gbẹ́ ojú kan bá já wálẹ̀ tàbí apá kan kò lè gbéra, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ṣé okùn gìgísẹ̀ yẹn lè já?

Ó lè já. Ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan gbá yín lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ kò sì ní lè fi orí ìka ẹsẹ̀ yẹn dúró. Ẹ má fi ìpara ra á, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Níwọ̀n bí kì í ti í ṣe ìlọ́po márùn-ún, ṣé mo lè sún mọ́ ìnàkí?

Ẹ má dán an wò. Ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti pọ̀ jù nígbà tí ó bá ní eyín gígùn, tó sì jẹ́ pé ojú àti ọwọ́ ènìyàn ló sábà máa ń kọ́kọ́ bù jẹ. Èyí tó kéré, tí wọ́n wọ aṣọ ọmọ fún nínú fídíò, yóò dàgbà.