Òṣìṣẹ́ Orí Ìwé: Àkúdàáyà Tó Ń Gbowó Oṣù

Kò sí ọmọ tó dàgbà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí. Bàbá kan kú, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe òkú rẹ̀ tán. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ta, ẹnìkan láti àdúgbò gbé ọjà lọ sí ìlú òkèèrè, ó sì ṣe kòńgẹ́ bàbá náà níbẹ̀, pẹ̀lú aya tuntun, pẹ̀lú oko tó ń ro. Kí ó tó kó ẹbí padà wá, bàbá ti pòórá. Ìtàn yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí rédíò bá dárúkọ àwọn tí wọ́n ń pè ní gósìwọ́kà, tí èmi ń pè ní òṣìṣẹ́ orí ìwé. Ìyàtọ̀ kan ló wà láàárín wọn: àkúdàáyà ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ orí ìwé ni orúkọ tó wà nínú ìwé ìsanwó ìjọba, tí owó ń wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ nítorí owó náà. Nígbà mìíràn, ẹni tó ni orúkọ ti kú tàbí ti fẹ̀yìn tì, wọn kò sì yọ ọ́. Nígbà mìíràn, orúkọ tí wọ́n hun jọ ni, a kò tíì bí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ẹnìkan tún lè máa fi orúkọ mẹ́ta gbowó ní ibi mẹ́ta. Èyí tí a kì í sábà kà sí olè ni ti ẹni tó wà láàyè dáadáa, tó ń ṣòwò ní Èkó tàbí tó ti ré kọjá sí Kánádà, tó sì bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn pé kí àwọn jọ máa pín owó oṣù náà. Olè ni, lójú tèmi, bíi ti àwọn yòókù.

Ẹnìkan kò lè dá a ṣe. Ẹni tó ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ mọ̀ sí i. Ẹni tó ń ṣe fáúṣà, ìwé tí wọ́n fi ń sanwó, mọ̀. Akáǹtáǹtì tó fọwọ́ sí i mọ̀, ọ̀gá ẹ̀ka tó ń buwọ́ lùwé lóṣooṣù pé ẹni náà wá síṣẹ́ sì mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà bí wọ́n bá ní àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni. Bí orúkọ òkú bá wà níbẹ̀ fún oṣù kan, a lè ní iṣẹ́ ìwé ló falẹ̀. Ọdún méjì ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ 80,000 náírà. Ká ní orúkọ mẹ́wàá péré ni kò lẹ́ni nínú ìwé ìjọba ìbílẹ̀ kan, tí gbogbo wọn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. 800,000 náírà ló ń lọ lóṣù kan, 9,600,000 náírà lọ́dún. Mi ò fi èyí kan ìjọba ìbílẹ̀ kankan, àpẹẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó kàwé ni, tí wọ́n ń gun ọ̀kadà kiri Sábó. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan: Àríwá, Gúúsù, Sùúrùlérè, Oríire àti Ògo-Olúwa. Owó oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ nínú owó tó ń ti Àbújá wá. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ti gọ́tà, ti ọjà àti ti ọ̀nà oko. Ní Oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, bí ìwé ìsanwó kò bá mọ́, àwọn àkúdàáyà ni yóò kọ́kọ́ bù nínú rẹ̀.

Ibi tó ti ń dùn mí jù ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé lẹ́yìn ìlú wa, níbi tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ kíláàsì kẹta àti ìkẹrin pa pọ̀ nínú yàrá kan. Àwọn ọmọ ìhín kọjú sí pátákó ti iwájú, àwọn ti ọ̀hún kọjú sí ti ẹ̀yìn. Bí òbí bá béèrè olùkọ́ sí i, èsì tó ń ti òkè wá ni pé lórí ìwé, olùkọ́ wọn pé.

Olè yìí tún ń sọ alààyè di ẹni tó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò tíì kú. Nítorí pé òkú ń gba owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á pe gbogbo àwọn àgbàlagbà jáde fún sìkíríìnì, àyẹ̀wò ojúkojú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kọ́ ọmọ níwèé fún 35 ọdún. Nígbà tí wọ́n pè é, orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́. A pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó jókòó lórí àga gbọọrọ láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí akọ̀wé kan tó gbójú sókè wò ó, tó ní, "Ìyá, ẹ ṣì wà láyé." Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi dá owó rẹ̀ dúró kí wọ́n tó yanjú ìwé rẹ̀. Àwọn tó ń fi orúkọ òkú gbowó kò tò nínú oòrùn lọ́jọ́ náà.

Ìjọba àpapọ̀ ti gbìyànjú. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn sórí ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ IPPIS. Ní 2014, BVN dé, nọ́ńbà tó so ìka ọwọ́ ènìyàn mọ́ gbogbo àkáǹtì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi BVN yẹ ìwé ìsanwó wò, wọ́n kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 pé àwọn ti yọ orúkọ tó lé ní 23,000 kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mọ ìka, kò mọ ẹsẹ̀ tó wá síṣẹ́. Ẹni tó wà ní Èkó á wá tẹ̀ka lọ́jọ́ sìkíríìnì, á sì wọkọ̀ padà.

Ará àdúgbò ló mọ̀. Ìyá alákàrà tó ń tà lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ mọ gbogbo olùkọ́ lójú. Ẹ ka orúkọ mẹ́sàn-án fún un, á sọ èyí tí kò rí rí láti ọdún mẹ́ta. Àmọ́ ta ló ń ka orúkọ fún un? Òfin ti wà lórí èyí. Abala kejì Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba máa gbé orúkọ, owó oṣù, ipò àti ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ síta, láìdúró de ẹni tó máa béèrè. Bí o bá sì kọ lẹ́tà béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dá ọ lóhùn, wọn kò sì lè ní kí o sọ ohun tó kàn ọ́ níbẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti jiyàn pé òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi dájọ́ ní Oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Ìtìjú ló ń dí wa lọ́wọ́. Orúkọ tí kò lẹ́ni lè jẹ́ ti ọmọ ọ̀rẹ́ baálé, tàbí ti àbúrò ẹni tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ẹni tó gé oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ? Òfin tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀ ní ọdún 2000 ní kí wọ́n bo orúkọ ẹni tó bá ta wọ́n lólobó mọ́lẹ̀, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ohun tí gbogbo òbí lè jọ béèrè lójú ara wọn, tí kò ní di ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀ ní abúlé yẹn, ìwé pélébé kan la fẹ́ béèrè: orúkọ gbogbo olùkọ́ tí ìjọba ń sanwó fún nílé ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọ̀gá àgbà, kí ọmọ kíláàsì kẹrin kan lè kà á sókè fún ìyá alákàrà.