Dẹ́ẹ̀kì tí kò ní fi iṣẹ́ pa onílé

Ní Amẹ́ríkà, ilé tó ní ẹ̀yìnkùlé sábà máa ń ní dẹ́ẹ̀kì: pèpéle onípákó tí wọ́n so mọ́ ara ilé, tí wọ́n ń jókòó sí nígbà ooru, tí wọ́n ti ń yan ẹran. Àwọn ọmọ wa tó ra ilé ní Maryland àti Houston náà kì í fi tiwọn ṣeré. Ohun tí oníkálukú fẹ́ mọ̀ ni èyí tí kò ní máa béèrè ọ̀dà lójoojúmọ́ ayé.

Omi ló ń ba pákó jẹ́, oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Òjò á mú kí igi wú, oòrùn á mú kó súnkì, á sì là. Ibi tó là yẹn ni omi tún ń gbà wọlé. Ohun tó ń mú un jẹrà gan-an ni ẹ̀yà olú kan, kò sì lè gbé inú igi gbígbẹ.

Nínú igi tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́ẹ̀kì, páìnì ni owó rẹ̀ kéré jù. Wọ́n á kó o sínú àgbá irin gbọọrọ, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á wá fi agbára ti omi oògùn wọ inú igi. Títí di ìparí ọdún 2003, áséníìkì, tí í ṣe májèlé, wà nínú oògùn tí wọ́n ń lò fún igi ilé gbígbé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí èyí tí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀. Bàbà yìí máa ń jẹ ìṣó lásán, àfi ìṣó tí wọ́n rì sínú síńkì gbígbóná tàbí irin tí kì í dógùn-ún. Oògùn ń lé olú àti ikán, ṣùgbọ́n kò ní kí igi má là. Nítorí náà, páìnì á ṣì máa gba ọ̀dà ní ọdún méjì mẹ́ta síra.

Igi kan tí wọ́n ń pè ní ipe, láti Brazil, le débi pé ó máa ń rì sínú omi. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lu ihò kí sukúrúù tó wọ̀ ọ́. Bí wọn kò bá fi òróró pa á, á di aláwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n eérú kọ́ ni jíjẹrà. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá gba àwọ̀ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti wà lára igi tó ń gba ìwé àṣẹ CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí títa ẹranko àti igi tó lè run, kó tó kọjá ẹnubodè.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń sáré sí báyìí ni pákó àdàlù: igi tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ ike, títí kan ọ̀rá ìrajà tí wọ́n ti lò. Àwọn àkọ́kọ́ já ènìyàn kulẹ̀, nítorí igi inú wọn ṣì ń mu omi, wọ́n ń bu, àwọ̀ wọn sì ń ṣí. Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni èyí tí wọ́n fi ike wé lára ti gbòde. Kò gba ọ̀dà, àmọ́ ewé tó bá jókòó síbẹ̀ á bu, nítorí náà ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣàìsí. Èyí tó dúdú máa ń jó ẹsẹ̀ lọ́sàn-án. Ó tún máa ń gùn sí i nínú ooru, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àlàfo sí àárín orí pákó kan àti èkejì. Ó sì rọ̀ ju igi lọ: igi abẹ́ rẹ̀ kì í jìnnà síra ju íǹṣì 16 lọ, íǹṣì 12 bí wọ́n bá tẹ́ pákó náà láti igun sí igun. Ike PVC pọ́ńbélé wà pẹ̀lú. Kò ní igi nínú rárá, ó sì wọ́n.

Èyí tí àwọn tó ń tajà kì í sábà sọ ni pé igi páìnì ló ṣì sábà máa ń wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Pákó òkè lè ní ìwé ìdánilójú ọdún 25 kí igi abẹ́ ti rà tipẹ́, nítorí omi ń sun gba ihò sukúrúù wọlé. Tépù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí igi abẹ́ kò wọ́n, ó sì tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó léwu jù ni igi tí wọ́n kàn mọ́ ara ilé: bí kò bá sí páànù tó ń darí omi kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni dẹ́ẹ̀kì ti máa ń já. Ẹni tó fẹ́ ra ilé tó ti ní dẹ́ẹ̀kì, kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, kó fi sukúrúdíráfà gún igi yẹn. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gun orí rẹ̀ títí káfíńtà á fi dé.