Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú: ta ló yẹ kó gbà á, ta ló yẹ kó dúró ná?

Kí ló dé tí wọ́n ń fún ọmọ oṣù 9 ní abẹ́rẹ́ yìí, tí wọn kì í fún ọmọ oṣù 4, tí dókítà sì ń lọ́ra bí ẹni ọdún 70 bá béèrè fún un?

Kòkòrò ààyè ló wà nínú rẹ̀. Lára ọkùnrin ará Gánà kan tó ń jẹ́ Asibi ni wọ́n ti gba kòkòrò náà lọ́dún 1927. Max Theiler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sìn ín nínú yàrá àyẹ̀wò títí agbára rẹ̀ fi rọ̀, wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ tí wọ́n pè ní 17D jáde lọ́dún 1937. Títí dòní, òun la ṣì ń lò.

Bí wọ́n bá fún èèyàn, kòkòrò yìí á kọ́kọ́ bí sí i díẹ̀ nínú ara, àwọn ọmọ ogun ara á wá dojú kọ ọ́, wọ́n á ṣẹ́gun rẹ̀, wọn ò sì ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ara tó bá lè tètè kápá rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ náà bá mu. Ara ọmọ tuntun àti ara àgbàlagbà kì í yára tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè ọjọ́ orí kí a tó béèrè ohunkóhun.

Ewu wo ló wà fún ọmọ ọwọ́?

Ọpọlọ ni. Ohun tó ń dá kòkòrò dúró kó má wọ ọpọlọ kò tíì gbó lára ọmọ kékeré, torí náà kòkòrò abẹ́rẹ́ lè kọjá síbẹ̀ kó sì mú kí ọpọlọ wú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò gbọ́dọ̀ gbà á, ìbáà jẹ́ pé àjàkálẹ̀ wà ní àdúgbò. Láti oṣù 6 sí 8, àfi bí àjàkálẹ̀ bá ń jà gan-an. Oṣù 9 ni àkókò rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ èéyi. Láti ọdún 2004 ló ti wà nínú ètò àjẹsára ọmọdé níbẹ̀.

Ìyá tó ń fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 9 lọ́mú gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó gbà á, nítorí àwọn ọmọ mélòó kan ti kó kòkòrò abẹ́rẹ́ náà láti inú wàrà. Bó bá jẹ́ torí ìrìn àjò ló ṣe fẹ́ gbà á, tí ìrìn àjò náà sì ṣeé sún síwájú, kó sún un. Bí àrùn bá ń jà níbi tó ń gbé, èrè abẹ́rẹ́ náà ju ewu rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbàlagbà ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dìjú jù. Bí èèyàn bá ti lé ní ọdún 60, ọmọ ogun ara máa ń pẹ́ kó tó gbéra. Kí ó tó dé, kòkòrò abẹ́rẹ́ lè ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kó kọlu ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, kó sì di àìsàn tó jọ ibà pọ́njú gan-an. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ló ń kú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ti ṣọ̀wọ́n tó. Nínú àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà, bí a bá pa gbogbo ọjọ́ orí pọ̀, nǹkan bí èèyàn 3 ló ń ṣe nínú mílíọ̀nù 1 tó gbà á. Láàárín ẹni ọdún 60 sí 69, ó lé ní 10. Láti 70 lọ, ó lé ní 20.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò gbọ́ rí nìyí: ẹni tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ ni a ti rí irú àìsàn yìí lára rẹ̀. Nítorí náà, kí dókítà tó dẹ́rù ba màmá ẹni ọdún 72, ẹ wá káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ nínú àpótí. Bó bá ti gbà á rí, ẹ̀rù yìí kò kàn án.

Ṣé kí àgbàlagbà tí kò gbà á rí wá sá fún un pátápátá ni?

Rárá. Ẹ gbé ewu méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fojú bù ú pé bí ẹni tí kò gbabẹ́rẹ́ bá lo ọ̀sẹ̀ 2 níbi tí ibà pọ́njú wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 50 nínú 100,000 lè kó o, 10 á sì kú. Nínú mílíọ̀nù 1, òkú 100 nìyẹn. Ní ti abẹ́rẹ́ fún ẹni ọdún 70, 20 àti díẹ̀ ló ń ṣàìsàn, tí nǹkan bí ìdajì wọn ń kú. Fún géńdé, òkú 1 tàbí 2 ni. Òṣùwọ̀n géńdé tẹ̀ síbì kan kedere. Ti àgbàlagbà ṣì tẹ̀ síhà abẹ́rẹ́ bí ó bá ń lọ síbi tí àrùn wà, àmọ́ ó lè yí padà kíákíá bí ewu ibi tó ń lọ bá kéré.

Ẹ jẹ́ ká wo bàbá ẹni ọdún 74 kan tó ń gbé ní London. Bó bá fẹ́ wá lo oṣù 2 lábúlé ní Ìfẹ́lódùn, ní Kwara, níbi tí wọ́n ti rí ibà pọ́njú lára ọmọ ọdún 7 kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kó bá dókítà jíròrò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí kò ní àrùn náà ló ń lọ, tó kàn jẹ́ pé ibodè wọn ń béèrè yẹ́lò káàdì, kò sí èrè kankan fún ara rẹ̀. Kí dókítà kọ ìwé pé ìlera rẹ̀ kò gbà á, kó buwọ́ lù ú, kó sì lù ú ní òǹtẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà bóyá wọ́n ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè gbà á kó má gbọ́kàn lé àwọ̀n ẹ̀fọn alẹ́ nìkan. Ojú ọ̀sán ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri máa ń jẹni. Aṣọ alápá gígùn àti ìpara tó ń lé ẹ̀fọn ṣe pàtàkì.

Káàdì mi ti lé ní ọdún 10. Ṣé kí n tún un gbà?

Láti oṣù keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún gbogbo ayé ẹni lábẹ́ òfin ìlera àgbáyé, títí kan àwọn káàdì àtijọ́. Káàdì tuntun ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 10, torí náà ẹ má dúró di ọ̀la ìrìn àjò.

Ta ni kò gbọ́dọ̀ gbà á láìka ọjọ́ orí sí?

Ẹni tí ẹyin adìyẹ ń ṣe léṣe gidigidi. Ẹni tó ní HIV tí CD4 rẹ̀, ìyẹn iye ọmọ ogun ara inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò tó 200. Ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ tàbí oògùn tó ń dín agbára ọmọ ogun ara kù. Àti ẹni tí àìsàn wà, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, lára thymus, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lẹ́yìn eegun àárín àyà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé láti sọ. Aláboyún lè gbà á bí ewu àrùn bá pọ̀, dókítà ni yóò pinnu.

Kí ni ká ṣọ́ níbi tí wọ́n ti ń fún un?

Ìyẹ̀fun ni abẹ́rẹ́ náà, omi tó bá a wá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi pò ó. Láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà. Bí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí 6 ló ní. Èyí tó ṣẹ́ kù, kí wọ́n dà á nù. Ìwọ̀n ẹnì kan ni mílílítà 0.5. Bí ẹ bá tún fẹ́ gba abẹ́rẹ́ mìíràn tó ní kòkòrò ààyè, bíi ti èéyi, ẹ gba méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ 4 sáàárín wọn. Ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó máa lọ.

Orí fífọ́, ara ríro àti ara gbígbóná díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kò burú, paracetamol tó. Ṣùgbọ́n ibà gíga pẹ̀lú èébì, ojú pípọ́n bí ìyeyè tàbí ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ 10, tàbí orí fífọ́ líle, ọ̀rọ̀ dídàrú àti gìrì láàárín oṣù 1, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Ẹ mú káàdì dání. Ọjọ́ tí ẹ gbà á àti nọ́ńbà ìgò abẹ́rẹ́ náà wà lórí rẹ̀, dókítà á sì béèrè fún méjèèjì.